Oorun Akọ̀wé

Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ni mo ti ń sọ fún ìyàwó mi pé oorun kò sí lára ohun tí mo nílò mọ́. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ ló ń sùn. Èmi tí mo jókòó sórí àga onítìmùtìmù láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, tí mo ń wo ìta láti ojú fèrèsé, kí ni mo tún ń wá lọ sórí bẹ́ẹ̀dì? Mo ti sinmi. Ẹni tó ti jẹun yó kì í tún gbé abọ́ kiri.

Ìyàwó mi a wò mí títí.

"Bàbá àwọn ọmọ, kí lẹ̀ ń ṣe lórí àga yẹn?"

"Mo ń sinmi ojú ni."

"Ojú tí ẹ̀ ń sinmi ń hanrun o. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jí ọmọ onílé kejì."

Yorùbá ní òwe fún ẹni tó ń díbọ́n pé òun sùn: ẹni tó sùn là ń jí, a kì í jí apirọrọ. Ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ òwe kankan fún ẹni tó sùn tó ń díbọ́n pé òun kò sùn, bẹ́ẹ̀ sì rèé, nínú àwọn àgbà tí mo mọ̀ ní Ìkòtún títí dé Ìgàndò, irú ẹni yìí ló pọ̀ jù. Bóyá nítorí pé àwọn àgbà ló ń pa òwe ni wọn ò ṣe pa á.

Kì í ṣe pé mi ò rí oorun sùn. Èmi ni mo ń lé e. Àwa tí a jọ jáde ní yunifásítì, nígbà tí ẹran méjì ṣì máa ń wà nínú àwo ìrẹsì akẹ́kọ̀ọ́, tí àwọn òṣìṣẹ́ sì ń bá wa fọ aṣọ, a ní gúrúùpù kan lórí fóònù. A kò pọ̀ mọ́. Iṣẹ́ tí gúrúùpù náà ń ṣe kò ju ìkíni ìdájí lọ. Ẹni tó bá kọ́kọ́ kọ ọ́ pé "Ẹ kú ìdájí, ẹ̀yin ọ̀jọ̀gbọ́n" ni gbogbo àwọn yòókù máa ń yìn pé ara rẹ̀ ṣì le. Aago mẹ́fà ni a bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan gba ipò náà ní aago márùn-ún ààbọ̀. Ẹlòmíràn jí ní márùn-ún. Kò pẹ́ tí ọ̀gá àgbà kan láti iléeṣẹ́ ìjọba, tó ti fẹ̀yìntì bíi tèmi, fi ń kí wa ní aago mẹ́ta, pẹ̀lú àwòrán òdòdó àti àdúrà gígùn. Bí àgbà kan kò bá tíì dáhùn títí di aago mẹ́rin, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè bóyá àlàáfíà ni. Ọ̀kan nínú wa wà ní òkè òkun, tí aago wọn yàtọ̀ sí tiwa. A yọ ọ́ kúrò nínú ìdíje. A ní ìdájí tirẹ̀ kì í ṣe ojúlówó.

Yunifásítì náà ni a ti kọ́ ìwà yìí. Bí ìdánwò bá ku ọ̀sẹ̀ méjì, a ó pọn omi tútù sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, a ó ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ̀ ọ́, a ó máa jẹ obì, a ó sì máa kàwé títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ẹni tó bá lọ sùn, ojo ni. Ní ọdún kejì mi, mo wọ gbọ̀ngàn ìdánwò lẹ́yìn òru mẹ́ta tí ojú mi kò fi kan oorun, mo sì da ìbéèrè kìíní kọ sínú ìwé ìdáhùn ní ẹ̀ẹ̀mẹta, láìdáhùn rẹ̀ rárá. Olùkọ́ wa kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé ọwọ́ ìwé mi dára. Mo tún ìdánwò náà ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá ń ròyìn ayé ìgbà náà fún àwọn ọmọ mi, orí omi bọ́kẹ́ẹ̀tì ni mo máa ń dúró sí. N kì í dé gbọ̀ngàn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí oorun fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi. Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti ń ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa, ní ọ̀nà Ìgàndò. Èmi ni mo ń kọ ohun tí wọ́n bá sọ ní ìpàdé, èmi ni mo sì ń kà á fún wọn ní oṣù tó bá tẹ̀ lé e kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Kò sí owó níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń kọjá lọ sí ibùdókọ̀, àwọn oníkẹ̀kẹ́ á ní, "Akọ̀wé, ẹ kú ìrìn o." Àwọn ọmọ kéékèèké tí kò mọ iṣẹ́ tí mo ṣe fún ọgbọ̀n ọdún ń pè mí ní Bàbá Akọ̀wé. Bí wọ́n bá gba ìwé yẹn lọ́wọ́ mi, mo di bàbá arúgbó kan tó ń gbé ilé aláwọ̀ búlúù. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń wá ipò náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀dọ́ onílé kan ni, ọmọdé tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ nínú yàrá rẹ̀, tó kọ́lé sí ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí. Ó bọ̀wọ̀ fúnni, ìyẹn ló tún burú sí i. Ó dìde ní ìpàdé, ó ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká máa fi fóònù gba ohùn ìpàdé sílẹ̀, ká yéé dà yín láàmú."

Mo ní, "Ọmọ mi, fóònù kò lóye. Ohun tí wọ́n bá sọ nìkan ló máa gbọ́."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Inú mi dùn dé ilé. Ẹ ó rí ohun tí èmi gbọ́ tí ẹnikẹ́ni kò sọ.

Ẹni tó yẹ kí n tún sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni alága wa àkọ́kọ́. Ọ̀rẹ́ mi ni. Nígbà tí a ra ilẹ̀ níbí, igbó àti igi kaṣú ni gbogbo rẹ̀, ẹ lè gbọ́ ohùn ẹni tó ń pe ọmọ rẹ̀ láti òdìkejì odò. Èmi pẹ̀lú rẹ̀ ni a mú àdá, a la ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà lónìí. Ó ti tó ọdún mẹ́jọ tó ti kú. Alága tó wà níbẹ̀ báyìí lawọ́, ó sì lẹ́nu. Abẹ́ ìbòrí ilé rẹ̀ ni a ti ń ṣe ìpàdé, òun ló ń gbé àga àti mínírà jáde. Ògiri ọgbà rẹ̀ náà ló mọ sórí gọ́tà àdúgbò, tí omi òjò kò fi rí ọ̀nà lọ mọ́, tó ń yà wọ pálọ̀ àwọn ẹlòmíràn. Gbogbo wa la mọ̀. Oṣooṣù ni a ń jíròrò ọ̀rọ̀ omi òjò, tí a ó fi gbogbo rẹ̀ bú ìjọba, tí a ó sì fẹ̀yìn ti ògiri náà gan-an nítorí pé òjìji rẹ̀ tutù.

Ní ọjọ́ ìpàdé tí mò ń wí, èmi ni mo gba ipò kìíní ní ìdájí: aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú márùndínlógún. Mo fi gbogbo ọ̀sán sinmi ojú. Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ mo gbé ìwé mi, mo jókòó, mo kọ ohun tí wọ́n sọ, mo mu mínírà, mo lọ sílé. N kò yẹ ohun tí mo kọ wò. Ọdún kọkàndínlógún, kí ni mo fẹ́ yẹ̀ wò?

Oṣù tó tẹ̀ lé e, alága ní kí n ka àkọsílẹ̀ ìpàdé tó kọjá. Mo dìde, mo wọ awò ojú, mo sì gbé ohùn sókè bí ó ti yẹ.

"Nígbà tí ọ̀rọ̀ kan omi òjò, alága àkọ́kọ́ dìde, ó ní kí ilé fún òun láyè. Ó ní nígbà tí àwọn ń la àdúgbò yìí, omi ni àwọn kọ́kọ́ fún lọ́nà kí àwọn tó fún ara àwọn. Ó ní ẹni tó bá mọ ògiri dí omi, kí ó wó o kí òjò tó dé. Ilé pàtẹ́wọ́."

Mo ti ka "Ilé pàtẹ́wọ́" tán kí n tó rí i pé gbogbo wọn ti gbójú sókè wò mí.

Màmá tó jẹ́ akápò ẹgbẹ́ ló kọ́kọ́ rí ohùn. "Akọ̀wé, ta lẹ ní ó dìde?"

Mo wo ìwé. Ọwọ́ mi ni. Mo tún un kà sínú, ìrù mi wọlé.

"Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" ni Màmá Akápò ké. "Ẹni tí a sin lójú mi, tí mo jẹ ìrẹsì òkú rẹ̀!"

Alfa tó ń ṣe iṣẹ́ bíríkìlà, tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá, gbé àga rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga kan tó ṣófo. "Sùbúhánàlláhì. Ibo ló jókòó sí, Akọ̀wé?"

Alága rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. "Kò sí ohun tó jọ ọ́. Bàbá sùn ni. Bàbá sùn, wọ́n lálàá, wọ́n sì kọ àlá wọn sínú ìwé ẹgbẹ́."

"Sùn bíi báwo?" Màmá Akápò yí sí i. "Ṣé ẹni tó sùn ló máa rántí kọ 'Ilé pàtẹ́wọ́'? Alága, ọ̀rọ̀ ògiri ni olóògbé bá wá o. Kò sọ̀rọ̀ nípa bàtà."

"Ẹ jẹ́ ká ṣe sàárà," ni Alfa wí. "Lẹ́yìn náà, ká wó ògiri."

Ọ̀dọ́ onílé yẹn kàn ń wo fóònù rẹ̀, ó rọra gé ètè jẹ.

Wọ́n pinnu pé kí a tún pàdé ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kí èmi sì wá sọ ọ́ ní gbangba: ṣé mo rí i ni, àbí mo sùn? Bí mo bá rí i, ògiri yóò wó, a ó ṣe sàárà, èmi yóò sì di akọ̀wé tó ń bá òkú sọ̀rọ̀; ta ló máa gba ìwé lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀? Bí mo bá sùn, kí n gbé ìwé sílẹ̀ fún ẹni tí ojú rẹ̀ là. Ẹ ò rí i pé ó rọrùn fún gbogbo àdúgbò láti gbà pé òkú jí wá sí ìpàdé ju kí wọ́n gbà pé àgbà kan tòògbé lọ. Èmi náà ni mo ṣáájú wọn nínú ìgbàgbọ́ yẹn.

Ọmọbìnrin wa tó jẹ́ nọ́ọ̀sì wá kí wa ní ọjọ́ kejì láti àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Command. Ìyàwó mi ti sọ fún un kó tó bọ́ bàtà.

"Dádì, ìgbà wo lẹ sùn gbẹ̀yìn?"

"Mo ń sinmi dáadáa."

"N kò bi yín léèrè ìsinmi. Ẹ gbé ìwé yẹn wá."

Ó ṣí i sí ojú ewé náà. Ohun tí n kò rí ní ìpàdé nítorí ìtìjú, ó fi ìka rẹ̀ hàn mí. Láti ibi "alága àkọ́kọ́ dìde," ìlà ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà sí ìsàlẹ̀ bí ọ̀nà ewúrẹ́. Lẹ́yìn "pàtẹ́wọ́", gègé fa ìlà gígùn kan kúrò lójú ewé.

"Ibí lẹ ti lọ," ó ní. "Ibí lẹ ti padà dé."

"Ojú mi là! Gbogbo ènìyàn ló rí mi."

"Ojú lè là, kí orí ti sùn. Bí ẹ kò bá fún orí ní oorun, á jí i gbé díẹ̀díẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan níbí, mélòó kan lọ́hùn-ún, ẹ ò sì ní mọ̀. Ọwọ́ yín sì ti mọ irú ọ̀rọ̀ yẹn kọ láti ọjọ́ tó pẹ́, ó ń bá tirẹ̀ lọ."

"Àga tí mò ń jókòó lé láti àárọ̀ ńkọ́? Asán ni?"

Ó jókòó tì mí. Ó bi mí bóyá mo rántí ọjà Ìkòtún tí òun máa ń bá ìyá òun lọ. Ó ní ní ọ̀sán gangan, tí oòrùn bá mú, àwọn olùtajà máa ń jókòó, wọ́n á na ẹsẹ̀, wọ́n á fẹ́ ara wọn ní abẹ̀bẹ̀. Ìsinmi nìyẹn. Ẹsẹ̀ wọn á gbádùn, ẹ̀yìn wọn á tutù. Ṣùgbọ́n ṣé a lè gbá ọjà báyẹn? Igbá wà nílẹ̀, oníbàárà ń kọjá, ibo ni ìgbálẹ̀ fẹ́ gbà? Àfi kí ọjà tú, kí wọ́n palẹ̀ mọ́, kí agbálẹ̀ tó lè wọlé, kó kó ìdọ̀tí, kí ẹni tó ń to ẹrù sì lè to èyí tó wúlò sí ààyè rẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni orí ènìyàn rí. Oorun nìkan ni ọjà fi ń tú. Ẹni tó jókòó tó sinmi láìsùn, ọjà rẹ̀ kò tú láti àná, orí ìdọ̀tí àná ló ń pàtẹ lé.

"Tiyín kò tíì tú láti ọdún wo, Dádì?"

Ìyàwó mi dáhùn fún mi láti ilé ìdáná: "Láti ìgbà omi bọ́kẹ́ẹ̀tì."

Wọ́n gba fóònù mi ní aago mẹ́jọ alẹ́ fún gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, bí ẹni gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọdé. Alẹ́ àkọ́kọ́, mo ka àjà. Alẹ́ kejì, mo bínú. Alẹ́ kẹta, n kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Aago méje àárọ̀ ni mo lajú, oòrùn ti wọ yàrá. Nígbà tí wọ́n dá fóònù padà fún mi, gúrúùpù ti gbóná. Ọ̀gá àgbà wa ti kọ ọ́ pé òun kò fẹ́ ro ibi. Ẹlòmíràn ti ń rántí bí mo ṣe jẹ́ ènìyàn pẹ̀lẹ́ tó nígbà ayé mi. Mo kọ ọ́ pé, "Mo sùn ni." Kò sí ẹni tó dá mi lóhùn. Ó dùn wọ́n ju ikú lọ.

Ṣùgbọ́n oorun tó dára ní ohun kan tó ń mú wá tí n kò bẹ̀ ẹ́ fún: ojú mi là sí ọ̀rọ̀ náà. N kò fẹ́ kó jẹ́ pé oorun ló kọ ọ̀rọ̀ yẹn. Kì í ṣe nítorí ìwé akọ̀wé nìkan. Láti ọdún mẹ́jọ, kò sí ẹni tó ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ọ̀rẹ́ mi tó kú yẹn ṣe máa ń bá mi sọ̀rọ̀, mo sì ti ń sọ fún ara mi láti ọjọ́ ìpàdé pé ó wá. Ó rántí wa, ó wá, ó sì jókòó. Kò wá. Orí tó rẹ̀ ló tú àpò rẹ̀ dànù, ohùn ọ̀rẹ́ mi sì wà nínú ohun tó dà sílẹ̀. Ohun tó sọ pàápàá, n kì í ṣe aláìmọ̀ ẹni tó ni ín. Èmi ni mo fẹ́ sọ ọ́ láti ọdún mẹ́ta, tí mínírà kò jẹ́ kí n lè la ẹnu.

Ìpàdé pé. Àwọn tí kì í wá rí náà wá. Màmá Akápò ti wé gèlè funfun nítorí olóògbé.

Mo dìde. "Ẹ̀yin ènìyàn mi, n kò rí ẹnikẹ́ni. Mo sùn ni."

"Háà!" Màmá Akápò wò mí bí ẹni tí mo tú ní aṣọ. "Akọ̀wé, ẹ rọra rò ó o. Bóyá ẹ rí i díẹ̀."

"N kò rí i rárá."

Alága pàtẹ́wọ́. "Ẹ ò rí nǹkan! Mo sọ bẹ́ẹ̀. Oorun lásán. Ọ̀rọ̀ ògiri ti parí nìyẹn."

"Kò parí," mo ní. Ojú mi kò wúwo. "Olóògbé kò sọ ọ́. Èmi ni mo ń sọ ọ́ báyìí. Alága, ògiri yín dí gọ́tà. Omi ń wọ ilé àwọn ènìyàn nítorí rẹ̀. Ẹ wó o."

Alága yí sí àwọn ènìyàn, ó tẹ́ ọwọ́. "Ẹ gbà mí! Bàbá tún ti sùn o!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Alfa pàápàá rẹ́rìn-ín, n kò bá a wí. Mo dúró títí ẹ̀rín fi tán.

"Wákàtí méje ni mo sùn lánàá," mo ní. "N kò tún ní oorun kankan lójú. Ògiri yín dí gọ́tà."

Lọ́tẹ̀ yìí kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Alága ní kí Bàbá jókòó, kí wọ́n máa sinmi, Bàbá ti ṣe gudugudu méje fún àdúgbò. Wọ́n gba ìwé lọ́wọ́ mi kí a tó mu mínírà. Ọ̀dọ́ onílé náà fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó dọ̀bálẹ̀ fún mi lórí sìmẹ́ńtì. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, oníkẹ̀kẹ́ kan kí mi ní "Akọ̀wé," ẹnì kejì rẹ̀ sì fi ìgúnpá gbún un.

Oṣù tó tẹ̀ lé e mo lọ, mo jókòó sí ẹ̀yìn. Akọ̀wé tuntun ka àkọsílẹ̀ láti inú fóònù rẹ̀, kò gbé ohùn sókè rárá: "Akọ̀wé àná sọ pé òun sùn ní ìpàdé kan tó ti kọjá. Ó sì sọ pé ògiri alága dí gọ́tà, kí alága wó o. Ó sọ ọ́ ní ẹ̀ẹ̀mejì." Ó gbójú sókè. "Ṣé àtúnṣe wà?"

Alága wo ilẹ̀. Fóònù ti gba ohùn rẹ̀ náà sílẹ̀, ó mọ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe sọ ọ́," ni Màmá Akápò wí. "Mo gbà á wọlé."

"Mo kín in lẹ́yìn," ni Alfa wí.

Ní ọdún mọ́kàndínlógún tí mo fi kọ ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíràn, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí tèmi wọ ìwé, ẹlòmíràn ló sì kọ ọ́.

Ògiri náà kò wó. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ kejì, bíríkìlà kan tí kì í ṣe Alfa wá lu ihò mẹ́ta sí ìdí rẹ̀, ihò tó gba orí àgbàlagbà. Alága ní fún atẹ́gùn ni. Òjò ńlá àkọ́kọ́ rọ̀ lẹ́yìn náà, omi sì gba ibẹ̀ kọjá lọ síbi tó ti máa ń lọ nígbà tí ibí ṣì jẹ́ igbó kaṣú. Ìyàwó mi ló ròyìn rẹ̀ fún mi. Èmi ń sùn.